Gbèsè oúnjẹ tí bàbá mi jẹ ní Brick Lane

Lọ́jọ́ tá a sin bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 2023, bí wọ́n ṣe kírun sí wọn lára tán ni lèmọ́mù yíjú sí wa, ó ní, "Ẹni tí olóògbé yìí bá jẹ lówó, kó sọ̀rọ̀ báyìí, tàbí kó wá bá àwọn ọmọ nílé. Ẹ má jẹ́ kí gbèsè so mọ́ wọn lọ́rùn." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sọ́mọ olóòkú tí àyà rẹ̀ kì í já tí wọ́n bá ti béèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Mò ń wo ojú àwọn èèyàn kiri, mò ń retí kẹ́nì kan yọ jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí owó àjọ. Kò sẹ́ni tó fọhùn. A sin bàbá, a padà sílé, a jókòó ti àlejò.

Àfi nígbà tó di alẹ́ tí màmá mi pè mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Àkànní, ẹnì kan ṣẹ́ kù o. Íńdíà yẹn ni."

Mo ní, "Íńdíà wo, Màmá?"

"Íńdíà tá a máa ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀ ní London. Bàbá Báì. Pọ́n-ùn mẹ́tàlá ni bàbá yín jẹ ẹ́ ká tó máa bọ̀ nílé. Wọn ò rí i san, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ gbà mí. Pọ́n-ùn mẹ́tàlá, láti ìgbà wo! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo ojú màmá mi, mo gbé ẹ̀rín mì. Ohun tó gbé mi padà sí Brick Lane lọ́dún 2024 nìyẹn, àdúgbò tí mo ti rí kẹ́yìn lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. London ni wọ́n bí mi sí lọ́dún 1970, ní Hackney. Iṣẹ́ àkáǹtì ni bàbá mi lọ kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń lọ sílé ìwé lọ́sàn-án, wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì oyinbo lóru. Màmá mi ń fi màṣíìnì rán kóòtù nílé iṣẹ́ aránṣọ kan nítòsí Whitechapel. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé, èmi, àbúrò mi obìnrin, àti àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá London ìgbà yẹn mọ ohun tí mò ń wí: èèyàn á ju owó ẹyọ sínú míta gáàsì kí ilé tó móoru.

Ìgbádùn kan ṣoṣo tá a ní ni Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tówó bá ti wọlé. Brick Lane là ń lọ, láti lọ jẹ oúnjẹ Íńdíà. Ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ ò jìnnà. Mùsùlùmí ni bàbá mi, wọn ò sì fẹ́ẹ́ jẹ ẹran tí wọn ò mọ ẹni tó pa á. Lọ́dọ̀ àwọn Íńdíà yìí, adìyẹ tí wọ́n fi Bísímílà pa ni wọ́n ń sè, ata sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti jẹ oúnjẹ oyinbo láti Mọ́ńdè dé Fúráídè mọ ohun tí ata jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Òpópónà tóóró tó gùn gan-an ni Brick Lane, ní ìlà-oòrùn London. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì láyé àtijọ́ ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé èèyàn níbẹ̀. Òórùn bíà láti ilé iṣẹ́ ọtí Truman, òórùn awọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán jákẹ́ẹ̀tì, àti òórùn àlùbọ́sà tó ń yíra nínú òróró gbígbóná. Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn àlùbọ́sà bẹ́ẹ̀, mo ti dọmọ ọdún méje nìyẹn.

Ilé oúnjẹ náà ò ju yàrá gbọọrọ kan lọ. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjì kó tó wọlé. Tábìlì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, mo máa ń kà wọ́n. Bébà pupa tó ń dán bí aṣọ àrán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, èmi àti àbúrò mi á máa fọwọ́ pa á títí màmá mi á fi gbá wa lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé papadum wá, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó fẹ̀ tó ojú abọ́, tó ń dún kàù lẹ́nu bí ìpékeré. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àkàrà wọn tí wọ́n fi àlùbọ́sà ṣe. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà kan ni wọ́n fi ń pò ó, kò sì jìnnà sí tiwa. Ṣùgbọ́n èyí tó pa màmá mi, ọmọ Ìbàdàn, ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dal. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ni, tí wọ́n sè títí tó fi yọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, igbe ni wọ́n ké: "Gbẹ̀gìrì rèé! Ta ló gbé gbẹ̀gìrì dé ibí?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 1976, bàbá mi ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti sú àwọn. Wọ́n lọ fọwọ́, wọ́n padà wá jókòó, wọ́n sì fọwọ́ ọ̀tún bu ìrẹsì. Àwọn oyinbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dáwọ́ oúnjẹ dúró. Màmá mi doríkodò. Ni ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà bá jáde láti ibi ìdáná, ọkùnrin kúkurú kan báyìí, ó dúró, ó ń wò. A rò pé ó fẹ́ẹ́ lé wa síta ni. Àfi bó ṣe fọwọ́ lu àyà, tó pariwo, "Báì!" Ó gbé abọ́ tó wà níwájú bàbá mi, ó wọlé, ó sì gbé òmíràn wá: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ẹja tó pọ́n yòò, àti dal tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Látọjọ́ náà, a ò wo ìwé oúnjẹ mọ́. Bá a bá ti jókòó, a mọ ohun tó ń bọ̀, ọwọ́ la sì fi ń jẹ ẹ́. Látọjọ́ náà ló sì ti di Bàbá Báì lẹ́nu èmi àti àbúrò mi, torí bó bá ti rí bàbá mi, "Báì" náà ló máa ń ké.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tó wà ní Brick Lane, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí Jímọ́ọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ilé yìí kẹ́ ẹ rí nǹkan. Ọdún 1743 ni wọ́n kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Faransé tí wọ́n lé nílùú wọn nítorí ẹ̀sìn ló jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó di ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Lọ́dún 1898, ó di sínágọ́gù àwọn Júù tó sá wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ní 1976, ó di mọ́ṣáláṣí. Ilé kan náà, ògiri kan náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí London láìní baba ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ gbàdúrà.

Ìgbà yẹn ò rọgbọ o. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1978, àwọn ọ̀dọ́ kan gún Altab Ali lọ́bẹ pa nítòsí Whitechapel, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Aránṣọ ni, bíi ti màmá mi. Kò mọ wọ́n rí, kò jẹ wọ́n lówó, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tẹ̀ lé pósí rẹ̀ lọ sí àárín ìlú láti lọ fẹ̀hónú hàn. Nígbà tá a tún máa lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Báì, pákó ni wọ́n kàn dí fèrèsé iwájú. Ó kó wa kúrò níbi tábìlì tá a máa ń jókòó sí, ó fi wá sí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. A rò pé nítorí ká lè tètè rí oúnjẹ ni. Àgbà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kí òkò má bàa bà wá ni.

Ibi tí gbèsè ti wáyé nìyí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, òtútù mú, ìyanṣẹ́lódì gba gbogbo ìlú Òyìnbó kan, ibi tí bàbá mi ti ń gbálẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ jókòó sílé ná. Oṣù parí, a ò lọ sí Brick Lane. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Bàbá Báì dá bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó béèrè àwa ọmọ. Bàbá mi ní àlàáfíà la wà. Ọkùnrin yẹn wò wọ́n, ó fà wọ́n lọ́wọ́ dé ilé oúnjẹ, ó sì di oúnjẹ sínú agolo ńlá kan. Bàbá mi kọ̀. Ẹ mọ ọmọ Ìjẹ̀bú, kò gba sàárà. Ni ọkùnrin náà bá fa bírò yọ létí, ó ṣí ìwé kékeré kan, ó ní, "Ta ló fún ẹ ní sàárà? Gbèsè ni. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀." Bàbá mi wá gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe ní gbogbo Jímọ́ọ̀ fún bí oṣù méjì, agolo oúnjẹ àti ìwé kékeré.

Nígbà tí iṣẹ́ padà, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Ó ku pọ́n-ùn mẹ́tàlá ni wáyà dé lọ́dún 1980 pé bàbá tiwọn ti kú n'Íjẹ̀bú. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú èèyàn mẹ́rin gbé gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe máa ń rí. Nígbà yẹn, náírà kan ju dọ́là kan lọ, ó yẹ kó rọrùn. Ilé ìwé wa dé, ilé kíkọ́ dé, àìsàn dé. SAP ọdún 1986 dé, náírà ṣubú, pọ́n-ùn sì di ohun tí wọ́n ń sá fún.

Lóṣù keje ọdún 2024, mo lọ wo ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Leeds, àwa méjèèjì sì jọ lọ sí London. Pọ́n-ùn kan ti tó nǹkan bíi 2,000 náírà. Mo kó 150 pọ́n-ùn sínú àpò ìwé, torí mi ò mọ iye tí mẹ́tàlá ti ọjọ́un á ti dà. A sọ̀ kalẹ̀ ní Aldgate East, a rìn dé Brick Lane. Wọ́n kọ orúkọ òpópónà lédè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Bengali. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ ọtí láti nǹkan bí ọdún 1989, ọ̀pá èéfín rẹ̀ ṣì dúró gbọnyin. Ṣọ́ọ̀bù òkìríkà ló kún ibẹ̀, ọmọ oyinbo onírungbọ̀n ń rà á lówó tí wọ́n máa ń ra tuntun. Kọfí níbí, kéèkì lọ́hùn-ún. Àwọn tó ṣèwádìí fún Runnymede Trust sọ lọ́dún 2020 pé ilé oúnjẹ wọn tó wà níbẹ̀ tó 60 ní àárín ọdún 2000 sí 2010, ṣùgbọ́n 23 péré ló kù.

Ọkàn mi ti ń dà rú. Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé ẹ rántí orúkọ ibẹ̀ ṣá?" Mi ò rántí. Àtẹ̀gùn méjì yẹn ni mò ń wá. Àwọn tó ń pe oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ń fà wá lọ́wọ́, tibí ń dín owó, tọ̀hún ń dín in sí i. Nígbà tó yá, mo rí i. Orúkọ tó wà lára pátákó rẹ̀ ò jọ èyí tí mo mọ̀, bébà pupa ti kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn méjì náà nìyẹn. A wọlé, mo ka tábìlì. Mẹ́sàn-án.

Mo ní kí wọ́n gbé papadum, adìyẹ, ìrẹsì àti dal wá. Kí n má parọ́ fún yín, kò dùn mọ́ mi. Ó dára, ọmọ mi jẹ tiẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Adìyẹ náà ń dùn bíi ṣúgà, dal ṣàn bí omi. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní nínú mi pé bóyá irọ́ ni mo ti ń pa fún ara mi láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, bóyá ebi ló ń pa wá nígbà náà.

Ọkùnrin kan tí mo lè fi ọdún díẹ̀ jù lọ wá béèrè bóyá nǹkan kan ṣe oúnjẹ. Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un. Mo dárúkọ Bàbá Báì. Ó wò mí, ó fa àga, ó jókòó.

"Báì?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Èdè wa ni. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́kùnrin, òun là ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá tìẹ ló ń pè ní arákùnrin."

Ojú tì mí. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi jẹun lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, a ò béèrè orúkọ rẹ̀. Íńdíà tá à ń pè é gan-an, kì í ṣe ọmọ Íńdíà. Ọmọ Sylhet ni, ní Bangladesh, orílẹ̀-èdè tó gba òmìnira lọ́wọ́ Pakistan lọ́dún 1971. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló bá dé, ó ń wa èédú síná nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní ilé oúnjẹ Íńdíà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Bangladesh ló ni ín, ará Sylhet ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òwò náà ti pẹ́. Lọ́dún 1810 ni Dean Mahomed, ọmọ Patna, ti ṣí ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní London, gbèsè ló sì lé e kúrò nídìí ẹ̀ lọ́dún 1812. Àwa náà, ṣebí inú ń bí wa tí oyinbo bá ń pe gbogbo wa ní ará Jàmáíkà? Ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa làwa náà ń ṣe fún ẹlòmíì.

Ó béèrè ohun tá a máa ń jẹ. Mo ní ẹja, ìrẹsì funfun, dal tó nípọn. Ó mi orí. "Ìyẹn ò sí nínú ìwé oúnjẹ wa rí. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń jẹ yìí, ti oyinbo ni. Inú ìkòkò àwọn òṣìṣẹ́ ni bàbá mi ti ń bu tiyín." Ó dìde, ó wọ ibi ìdáná. Nígbà tó máa padà dé, abọ́ mẹ́ta ló gbé dání.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fọwọ́, mo sì fọwọ́ bù ú. Ata ló kọ́kọ́ kí mi, lẹ́yìn ẹ̀ ni aáyù àti ata ilẹ̀ pupa. Òun náà ni. Ata yẹn gan-an, àjèjì ni, láti Amẹ́ríkà làwọn Pọtogí ti gbé e débi tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi fọwọ́ bu dal, ó ní, "Dádì, gbẹ̀gìrì màmá àgbà!"

Nígbà tá a jẹun tán, mo yọ àpò ìwé, mo ní gbèsè rèé, kó wo ìwé kékeré tí bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sí kó sọ iye tó dà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ò mọ̀wé kọ. Kò lọ ilé ìwé rí. Ìlà ló máa ń fà sínú ìwé yẹn."

Mo bi í pé irú ìlà wo.

"Ìlà lásán. Kí ojú má bàa ti ẹni tó ń gba oúnjẹ."

Ọdún 2009 ni bàbá náà kú, Sylhet ni wọ́n sin ín sí. Ó ní òun ò lè gbowó tí bàbá òun ò kọ sílẹ̀. Mo ní bàbá tèmi kọ tiwọn, ọkàn wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìyàwó wọn sì ń kà á jáde lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n. A fa ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbẹ̀yìn, ó ṣí àpò ìwé náà, ó ka pọ́n-ùn mẹ́tàlá, ó dá ìyókù padà. Ó ní owó tí òun ò rí mọ́ nìyí, káàdì ni gbogbo wọn ń fi sanwó. Ó wá ní, "Báì, ó ti tán." A jọ rìn dé mọ́ṣáláṣí, a sì ju mẹ́tàlá yẹn sínú àpótí ní orúkọ bàbá méjèèjì.

Lójú ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé bí àdéhùn ilé bá pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun máa kógbá wọlé. Owó ilé ti ga ju agbára lọ. Ọmọ méjì ni òun bí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe, kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ dín àlùbọ́sà. Díẹ̀ ló kù kí n pẹ́ jù.

Ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má gbé e sínú ìwé ìròyìn, bàbá òun ò fẹ́ràn ariwo. Màmá mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ohun tí mo fẹ́ẹ́ bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbí tẹ́ ẹ̀ ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ àjèjì ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń bọ́ yín, kẹ́ ẹ tún bi í pé níbo ló ti wá.

Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yẹn ni mo ti pe Ìjẹ̀bú-Òde lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, a ti san án."

Wọ́n ní, "Alihamudulilai." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àkànní, ṣé gbẹ̀gìrì yẹn ṣì wà níbẹ̀?"